Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Àwọn Òyìnbó Arìnrìn-Àjò Wá Ojú Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́ àwọn Aláàfin, ṣe rí kó tó di ahoro gbọ́dọ̀ ka ohun tí àwọn òyìnbó tó dé ibẹ̀ kọ. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wọ ìlú náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1826, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹta. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1830, òun àti John àbúrò rẹ̀ tún padà wá, àmọ́ wọn ò lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìwé wọn kò wọ́n. Bí a ṣe ń kà á ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, lẹ́ẹ̀dì àti máàpù. Máàpù orí fóònù tó.

Kí ẹ tó ka ojú ìwé kan ṣoṣo, ẹ yẹ iwájú ìwé náà wò: ta ló kọ ọ́, ọdún wo ló jáde? Ti Clapperton jáde ní London ní 1829, lẹ́yìn tó ti kú nítòsí Sókótó ní oṣù Kẹrin 1827. Lander ló kó àwọn ìwé rẹ̀ délé. Ti àwọn Lander méjèèjì jáde ní 1832, ìdìpọ̀ mẹ́ta ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwé kan tó jáde ní 1836 tí orúkọ Lander wà lára àkọlé rẹ̀. Robert Huish ló kọ ọ́, àwọn ìwé tó ti wà nílẹ̀ ló sì ti ṣà á jọ. Ó wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé rẹ̀ sórí Internet Archive, ẹ yàn án ju èyí tí ẹ̀rọ tún tẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ máa ń ṣi 3 pè ní 8, nọ́ńbà sì ni ẹ ń wá.

Ẹ kọ ọdún méjì sókè ìwé àkọsílẹ̀ yín: ọdún tí ẹni náà rí nǹkan, àti ọdún tí ìwé jáde. Láàárín méjèèjì, nǹkan á ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu àwọn Lander lórí odò Ọya ní oṣù Kọkànlá 1830, apá kan nínú àkọsílẹ̀ wọn bómi lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé 1832 ni wọ́n kọ lójú ẹsẹ̀.

Ó kan orúkọ ìlú. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá pè é sókè. Ojú á ṣì yín lọ́nà, etí ló mọ̀ ọ́n. “Keeshee” ni Kìṣí. “Jannah” ni Ìjànà. “Bohoo” ni Ìgbòho. Etí wọn ò mọ gb, ó sì já iwájú orúkọ náà bọ́. “Eyeo” ni Ọ̀yọ́, “Yarriba” ni Yorùbá, “Quorra” sì ni odò Ọya, èyí tí a ṣì ń gbọ́ nínú orúkọ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ má wá ìtumọ̀ Yorùbá fún “Katunga” o: orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe Ọ̀yọ́-Ilé nìyẹn. Bí orúkọ kan bá kọ̀ tí kò jọ ohunkóhun, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ìlú tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ogun tú ọ̀pọ̀ ìlú ká ní ọ̀rúndún náà, wọ́n sì gbé orúkọ wọn dání lọ tún ìlú tẹ̀ síbòmíràn. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ni àpẹẹrẹ: èyí tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó, tó wà títí dòní, fi ohun tó lé ní 100 kìlómítà jìn sí ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: R fún ohun tí òǹkọ̀wé fojú rí, W fún ohun tí ó wọ̀n, G fún ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí lọ́ra, ṣùgbọ́n òun gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé odi ìlú wò. Clapperton ní amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ó ga tó bí 20 ẹsẹ̀ bàtà, yàrà gbígbẹ yí i ká, ẹnubodè mẹ́wàá ló ní. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 15 máìlì, ó rí bí ẹyin, máìlì mẹ́rin ní ìbú, mẹ́fà ní òòró. Ẹ yí i sí ìwọ̀n tiwa: gíga rẹ̀ tó mítà mẹ́fà, àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 24. Ẹ wá dán an wò: mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́fà jẹ́ mẹ́wàá, ìdajì rẹ̀ márùn-ún, ìlọ́po 3.14 jẹ́ 15.7. Nọ́ńbà rẹ̀ bára wọn mu. Ìyẹn ò ní kó jẹ́ pé ó fi okùn wọ̀n ọ́n o; ó lè jẹ́ pé ìbú àti òòró ló fojú díwọ̀n, kó sì ṣírò àyíká láti ara wọn. Ẹ kọ “W?” síwájú rẹ̀.

Ẹ wo ibi tó ní ìlú náà wà: 8°59′ sí àríwá, 6°12′ sí ìlà-oòrùn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, agbègbè Bídá ni yóò gbé yín lọ. Àkọ́kọ́ tọ̀nà; èkejì fi nǹkan bí 200 kìlómítà jìnnà. Oòrùn ọ̀sán gangan tó láti mọ ti àríwá. Ti ìlà-oòrùn nílò aago tó ń pa àkókò ilẹ̀ wọn mọ́ láìyẹ̀, bí aago bá sì fi ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ṣìnà, ó ti di dígírì kan, nǹkan bí 110 kìlómítà. Nítorí náà, nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, ẹ gba nọ́ńbà àríwá gbọ́ ju ti ìlà-oòrùn lọ.

Ti G ló máa ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Aláàfin sọ fún Clapperton pé òun ò mọ iye ìyàwó òun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á tò láti Katunga dé Ìjànà. Ọ̀rọ̀ ọba nìyẹn, ẹ má ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Clapperton kọ pé òun ń pàdé àwọn ìyàwó ọba yìí lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń ru ẹrù, tí wọ́n ń tajà. R nìyẹn, ó sì níye lórí ju àwàdà náà lọ. Ayaba kò mọ sórí aya tí ọba fọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Àwọn aya tí ọba jogún àti àwọn obìnrin ààfin mìíràn ń jẹ́ orúkọ náà.

Níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ nǹkan fúnra wọn, ẹ pa orúkọ náà tì, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejì 1826 Clapperton wo eré kan ní Ọ̀yọ́-Ilé: àwọn tó wọ àpò ń jó, erè jáde, lẹ́yìn náà “òyìnbó” funfun kan yọ, ó rù, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú, ó ń fa aáṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn èrò ń wo ojú Clapperton bóyá ó rí ara rẹ̀. Òun kàn pè é ní eré. Àwọn onímọ̀ eré Yorùbá mọ̀ ọ́n sí Eégún Aláré, ojú ìwé yìí sì wà lára ẹ̀rí tó pẹ́ jù lórí rẹ̀.

Ẹ wá gbé ti 1830 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àwọn Lander rí odi tó ti ń wó. Ohun tó fa á kò yé wọn tán. Ẹ lọ bá Samuel Johnson, tó parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ó sì jáde ní 1921, fún ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, àti Ìlọrin. Ọba tí wọ́n pè ní “Mansolah”, Májòtú ni àwọn òpìtàn ń pè é.

Tí ẹ bá fẹ́ débẹ̀, inú Old Oyo National Park ni ahoro náà wà. Ẹ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì wọn ní ìlú Ọ̀yọ́, kí ẹ sì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá ti gbẹ, torí òkìtì amọ̀ lásán ni odi náà báyìí, koríko tútù á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àpáàdì tí ẹ bá rí, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ibi tó wà yẹn ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ohun tó jẹ́.