Kí Kọ̀ǹpútà Má Tilẹ̀kùn Mọ́ Yín Mọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn ní South Gate FUTA, l'Ákùúrẹ́ níbí, ohun tí wọ́n máa ń pè mí sí jù ni: “Àǹtí, ó tún ní kí n fi pásíwọ́ọ̀dù sí i o.” Àwọn àgbà ló máa ń ṣe jù. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà máa ń wá tẹ ìtàn ìdílé wọn. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tẹ ìlà méjì, wọ́n á bọ́ awò ojú, wọ́n á gbé ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ súnmọ́ ojú, wọ́n á máa kà á sínú. Kí wọ́n tó dá awò padà, aago àti déètì nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà. Àyà wọn á já.

Iṣẹ́ yín ò lọ síbì kankan. Kọ̀ǹpútà ló ti ara rẹ̀ nígbà tí ẹ ò fọwọ́ kàn án: ilẹ̀kùn ló tì, ẹrù inú yàrá ṣì wà níbi tó wà. Àmọ́ tí ẹ bá wọlé padà tí ẹ rí i pé gbogbo ohun tí ẹ ṣí ti pa dé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: bóyá bátìrì ló kú, tàbí kí Windows ti gba àtúnṣe tuntun kó sì tan ara rẹ̀ padà. Fún ti àtúnṣe, ẹ lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, kí ẹ wá fi wákàtí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sí “Active hours”. Ó lè tó wákàtí 18.

Ní ti ilẹ̀kùn tó ń tì, oorun (Sleep), ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń sùn fúnra rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú I, ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà Power & battery. Lórí Windows 10, Power & sleep ni wọ́n pè é. Ẹ ó rí i pé ti bátìrì yàtọ̀ sí ti ìgbà tí wáyà bá wà nínú iná. Ti iná ni kí ẹ fi sí “Never”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti bátìrì síbẹ̀. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò wa yìí, ẹ lè jáde kí wọ́n mú iná lọ, kí láptọ́ọ̀pù máa jó bátìrì rẹ̀ títí á fi kú. Ìṣẹ́jú 10 tó fún un. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan, bí ojú rẹ̀ bá ti pa, oorun ti dé nìyẹn, torí náà ẹ fi ti ojú náà sí “Never” nígbà tó bá wà nínú iná.

Ẹ wá lọ sí Accounts, Sign-in options. Ó máa bi yín pé tí ẹ bá kúrò nídìí rẹ̀, ìgbà wo ni kó tún béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ mú “Never”. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo “Dynamic lock”. Tí ẹ bá ti so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Bluetooth, tí ẹ wá mú fóònù jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì, yóò ti ara rẹ̀. Ẹ yọ àmì tó wà níbẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni screen saver, àwòrán tó máa ń bo ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ “screen saver” sínú ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nísàlẹ̀. Àpótí kékeré kan máa ṣí. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú “On resume, display logon screen”, ẹ wá fi screen saver fúnra rẹ̀ sí “None”, ẹ tẹ Apply. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n rà láti ọ́fíìsì ni mo ti máa ń bá èyí pàdé jù.

Tó bá ṣì ń tì, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ secpol.msc. Ẹ ṣí Local Policies, Security Options, ẹ wá “Interactive logon: Machine inactivity limit”. Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka iye tó wà níbẹ̀. 900 jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Ẹ sọ ọ́ di 0. Windows Home ò ní ibí yìí rárá. Tó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka tàbí ti ilé ìfowópamọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe èyí fún. Èyí tí NIN àti sàtífíkéètì àwọn oníbàárà wà lórí rẹ̀, mo jẹ́ kó máa tì. Lórí àwọn yòókù, mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n tẹ Windows pẹ̀lú L, kí wọ́n fi tì í.

Tó bá sì jẹ́ ìkànnì báńkì tàbí ti iléèwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lé yín jáde, kò sí èyí tó kàn án nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, torí láti ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀ ló ti ń wá. Bí fọ́ọ̀mù wọn bá gùn, ẹ tẹ ìdáhùn yín sínú Word ná, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ tó wọlé lọ kọ́pì í síbẹ̀.