Ẹ Ya Á Sórí Bébà Kí Ẹ Tó Ká A Sórí Fóònù

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi fídíò kọ́ àwọn ọmọdé bí àgbàdo ṣe ń dàgbà, ẹ má tíì gbé fóònù lọ sóko. Bébà àti pẹ́ńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ fi ya ìtàn fídíò náà ní àwòrán tó tẹ̀ léra. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ń pe iṣẹ́ yìí ní storyboard. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ní ilé iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kan àwòrán ìtàn mọ́ pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ṣí wọn nípò títí ìtàn náà yóò fi tò.

Àgbàdo kì í dúró de ẹni tó ń ya fídíò. Lọ́dún kan, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò wa ya gbígbìn, a ya kíkórè, a ò rántí ya ìgbà tó hù. Ọjọ́ tí a jókòó láti to fídíò náà pọ̀ la tó mọ̀. Àfi ká tún gbin òmíràn.

Pínpín bébà

Ẹ ṣẹ́ bébà kan po sí méjì, ẹ tún ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí ẹ bá tú u, ẹ ó rí àpótí 8. Bí àpótí kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 10, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìyẹn sì tó fún ọmọdé.

Kò dìgbà tí ẹ bá mọ àwòrán yà: ẹ ya òbìrí fún orí, kí ẹ fa ìlà fún ara. Lábẹ́ àwòrán, ẹ kọ ohun tí a ó sọ, ìró tí a ó gbọ́, àti ọjọ́ tí ẹ ó fi fóònù yà á.

Fún àgbàdo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tó di kóró mọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ihò tó jìn tó sẹ̀ńtímítà 3 sí 5, lẹ́yìn rẹ̀ òjò. Àpótí kẹrin, níbi tó ti hù, ni kí ẹ ṣọ́ jù: láti ọjọ́ kẹrin, ẹ máa lọ wò ó láràárọ̀, nítorí láàárín ọjọ́ 4 sí 7 ló sábà máa ń yọrí. Ríro oko, irùn àgbàdo ní nǹkan bí oṣù méjì, àti kíkórè ló tẹ̀ lé e. Ìkòkò àgbàdo sísè ni kó kẹ́yìn.

Ẹ fi han ọmọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ pe ọmọ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń yà á. Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún yín. Ẹ má tún un ṣe; ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà kan rí kóró nínú ilẹ̀ lórí bébà wa, ó sì rí àgbàdo tó ti yọmọ ní àpótí tó tẹ̀ lé e. Ó bi mí pé, “Ta ló lọ hú èyí wá síbẹ̀?” Òótọ́ ló rí; a ti fo ohun tó pọ̀ jù. Òmíràn rí kòkòrò tí a yà kún inú àpótí, ó ní òun ò lọ sóko mọ́, pé kòkòrò náà tó ewúrẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fi ohun kékeré hàn, mo máa ń ya ọwọ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú fídíò náà kí ọmọ lè dáhùn, bí ìgbà tí a bá ń pàlọ́. Bí ohùn bá béèrè pé, “Kí lẹ rò pé òjò máa ṣe fún un?”, ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá 4 sínú àpótí náà láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yín sókè kí ẹ sì wo aago. Èyí tó bá ju 10 lọ, ẹ gé e.

Nígbà náà ni kí ẹ gbé fóònù. Ẹ mú bébà náà dání lọ sóko, ẹ máa fàlà sí àpótí tí ẹ bá ti ká sórí fóònù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́, kì í ṣe báírò, torí bí òjò bá pẹ́, ẹ ó ní láti pa á rẹ́ kí ẹ tún un kọ.