Bí A Ṣe Ń Fi Kànìnkànìn Tọ́jú Àpòlúkù Tó Ń Jò Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dín àpòlúkù kù, òkè ojú rírán, nítòsí ọ̀nà ọ̀fun, ló sábà máa ń jò. Bí ọkàn aláìsàn bá ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó lè jẹ́ àmì pé ó ń jò; ẹ má dúró de ibà. Ẹ ṣe CT scan, ìyẹn àwòrán inú ara. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, tí ọyún sì ti tàn ká inú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kàn.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì dúró, ẹ dá oúnjẹ ẹnu dúró, ẹ fún un ní oògùn apakòkòrò. Ẹ ti rọ́bà oníhò gba imú, ẹ fà á yọ lẹ́nu, ẹ gé kànìnkànìn polyurethane (irú ike rírọ̀ kan) kó kéré díẹ̀ ju ihò tó ń jò, ẹ sì fi òwú dè é mọ́ rọ́bà náà gbọn-in. Ẹ fi endoscope, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà, gbé e dé ibi tó ń jò, ẹ so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí agbára ìfà rẹ̀ jẹ́ 125 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá). Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àwòrán dáadáa: kànìnkànìn tó bá sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lè fa ìsun ẹ̀jẹ̀ tó ń pani.

Lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 5 kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa pààrọ̀ kànìnkànìn náà. Tó bá pẹ́ jù, ẹran ara á hù wọnú rẹ̀, yíyọ rẹ̀ á sì di wàhálà. Rọ́bà mìíràn tó wọ ìfun kékeré ni ẹ ó fi máa bọ́ aláìsàn.

Bí ihò bá kọ̀ tí kò dí, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpòlúkù. Ó lè ti fún. Ẹ fi fèrè kékeré tí a ń fẹ́ (balloon) fẹ̀ ẹ́.