Bí a ṣe ń so gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì pọ̀ di ọ̀kan

Ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì sórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: “The woman called on Monday” àti “The woman is a nurse”. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò, nítorí pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pípa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yan èyí tí yóò jẹ́ olórí awẹ́ gbólóhùn, ìyẹn ohun tí ẹ fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ ní kúrò nínú gbólóhùn tí kì í ṣe olórí, kí ẹ fi “who” rọ́pò rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ènìyàn, tàbí “which” bí ó bá jẹ́ nǹkan: “The woman who called on Monday is a nurse”. Ibí yìí gan-an ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́. Nínú Yorùbá, “tí” kan ṣoṣo ni a ń lò fún ènìyàn àti nǹkan, a sì tún máa ń fi “ó” tẹ̀ lé e: “obìnrin tí ó pè”. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọ “the woman who she called”, bẹ́ẹ̀ “who” ti jókòó sí ipò olùwà, kò sì sí àyè fún “she” mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọ “who” tán, ẹ wá “he”, “she”, “it” tàbí “they” tí ó ń tọ́ka sí ẹni kan náà nínú awẹ́ yẹn, kí ẹ sì pa á rẹ́.

Èyí tí ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ohun ìní. “Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò” kì í ṣe “the man that his father travelled”, àṣìṣe tí mo ti bá lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kàwé dáadáa. “Tí” àti “rẹ̀” ni ó pàpọ̀ di “whose”: “the man whose father travelled”. Ẹ gbé e sí iwájú ohun ìní náà gan-an, kí “his” sì kúrò. Ó ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan pẹ̀lú: “the house whose roof leaks”.

Ní ti “whom”, ẹ dán “he” àti “him” wò ní ipò rẹ̀. Bí “him” bá bá a mu, “whom” ni. “I saw him” ni ó fún wa ní “the man whom I saw”. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún “the man who I think stole the bag”. Ẹ fi ìka bo “I think”, ohun tí ó kù ni “he stole”, nítorí náà “who” ni ó tọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀pọ̀ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àbínibí wọn kì í lo “whom” mọ́, àmọ́ nínú ìwé, èmi kì í fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé “wọ́n” ọ̀wọ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan ṣoṣo ni “he” àti “is”, kò sì sí àfojúdi níbẹ̀.

Orúkọ ọjọ́ kò nira: lẹ́tà ńlá ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibi yòówù kí ó wà nínú gbólóhùn. “Ní” wa lè di “in”, “at” tàbí “on”, ṣùgbọ́n “on” ni ti ọjọ́, kódà nínú “on Monday morning”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “in the morning” ni a ń wí. Bí “last”, “next”, “this” tàbí “every” bá ṣáájú, ẹ yọ “on” kúrò. Níkẹyìn, ẹ fi ọjọ́ náà sínú awẹ́ tí ó ni ín. “The woman who called is coming on Monday” ti di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, nítorí pé ọjọ́ Ajé ti kúrò lára ìpè, ó ti bọ́ sára wíwá rẹ̀.