Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ ìṣègùn tí ó ti di èébú

Bí ẹ bá ń ṣe ògbufọ̀ ní ilé ìwòsàn, tàbí tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní Ìlú Ọba, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ náà "spastic" pàdé lọ́jọ́ kan. Ẹ lè rí i nínú lẹ́tà dókítà láàárọ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí èébú tí ó le gan-an. Kí ẹ tó kọ ọ́ tàbí kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi ń júwe: ṣé iṣan ni àbí ènìyàn?

Iṣan ni ó ń júwe láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí ó ń fà lọ. Nínú àìlera tí a ń pè ní cerebral palsy, èyí tí ó máa ń wáyé nígbà tí ọpọlọ bá farapa ṣáájú ìbí, nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, iṣan a máa le, a sì máa fà, tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún méjèèjì fi lè máa gbá ara wọn bí ọmọ bá ń rìn. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ "spastic diplegia", ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí dókítà mìíràn lè dá a mọ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé pé iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó le jù.

Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ iṣan lé ènìyàn lórí ni ó bàjẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀tá ni ó gbé e lé e. Àwọn òbí wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Spastics Society sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1952, nítorí àtiràn ọmọ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń bú ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1981, ètò ọmọdé Blue Peter lórí BBC fi Joey Deacon hàn, ọkùnrin kan tí ó ní cerebral palsy, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, tí ó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ernie Roberts ni ó ń gbọ́ ọ yé, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ó dùn mí púpọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ mú níbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀: wọ́n ń pe ara wọn ní Joey, wọ́n sì ń sín in jẹ. Ní 1994, ẹgbẹ́ náà pa orúkọ dà sí Scope.

Bí ẹ bá ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà ṣáájú ọdún yẹn, ẹ má ṣe yí orúkọ àtijọ́ padà. Ẹ fi ọdún rẹ̀ tì í. Ní ibòmíràn, ẹ kọ "ẹni tí ó ní cerebral palsy". Ẹ má ṣe fi "arọ" rọ́pò rẹ̀, nítorí kì í ṣe àìlera kan náà, bẹ́ẹ̀ ni "aláàbọ̀ ara" kò dára tó lójú mi, nítorí ó gé ènìyàn sí méjì.

Ní Amẹ́ríkà, ìkékúrú "spastic", ìyẹn "spaz", ti di ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí náà ọmọ tí ó dàgbà ní Houston lè sọ ọ́ sí ìbátan rẹ̀ ní Peckham, ní London, láìmọ̀ pé èébú ni. Lizzo àti Beyoncé yọ ọ́ kúrò nínú orin wọn ní 2022, nígbà tí àwọn tí ó ní ìpèníjà ara fi ẹ̀hónú hàn. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́ láìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ má ṣe dójú tì í.

Ní ti ìyá tí ó jókòó níwájú dókítà, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ojú rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bèèrè kí ẹ tó sọ fún un pé: "Iṣan ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sọ, mà, wọn kò bú ọmọ yín."