Títí Oṣù Fi Lé: Bí A Ṣe Dúró Ti Ìyá Ìbejì Nígbà Iṣẹ́ Abẹ

Kí n tó ra ohunkóhun sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ Ìyá Ìbejì, ìrọ̀rí ni mo kọ́kọ́ rán. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tàkíé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àjákù ańkárá ò sì wọ́n mi. Mo rán an ní ìwọ̀n tí èèyàn lè fi apá méjèèjì gbá mọ́ ikùn, mo ki fóòmù wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ dáadáa, mo fi síìpù sí i kí a lè máa bọ́ aṣọ rẹ̀ fọ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní 2021 tí wọ́n yọ àpẹ́ńdíìsì mi, òun ló jókòó tì mí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe é, ó sọ fún mi pé ọmọṣẹ́ mi kan ti gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ̀rín pa mí, ojú ọgbẹ́ sì ta mí bí ẹni pé òwú ibẹ̀ fẹ́ já. Nọ́ọ̀sì kan ló sáré ká aṣọ ìbora, tó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, tàbí kí n wúkọ́, tàbí kí n dìde. Ara tù mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí ó bá kan òun, ìrọ̀rí ni yóò ṣáájú.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wá. Ìyá Ìbejì ń ta láfún ní Ọjà Àràdá, Tíṣà ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ń ránṣọ. Ìyá Ìbejì ni Mùsùlùmí láàrin wa, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni àwa méjì ń lọ. Fibroid, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, ló ń dà á láàmú, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìju. Nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀ mọ́, kò lè gun àtẹ̀gùn kí ó má sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí Dókítà wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀, ó ní ọ̀kan nínú wọn tó máńgòrò. Ìyá Ìbejì wò ó lójú, ó ní, "Dókítà, ṣé máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ni? Bó bá jẹ́ tiwa ni, ẹ bá mi yọ ọ́, mo mọ ẹni tó máa bá mi tà á." Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ṣì lè dá irú àwàdà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ò tíì gbé e mì.

Wọn ò dá a lóhùn láti ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PCV, jẹ́ 25, Dókítà sì ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi bó bá tó 30, ó kéré tán. Bí oúnjẹ ṣe di iṣẹ́ wa nìyẹn. A pín ọ̀sẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́: èmi ń se ẹ̀dọ̀ màlúù pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ṣọkọ, Tíṣà ń se ẹ̀wà, ọkọ Ìyá Ìbejì ń bó ọsàn fún un lẹ́yìn oúnjẹ, torí wọ́n ní ọsàn máa ń jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ àti inú oògùn dáadáa. Tíì ni wọ́n ní kó jìnnà sí oògùn náà. Ìdájí ọjọ́ kan ló pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ìgbẹ́ òun dúdú bí èédú. Mo sọ fún un pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sùn padà.

Àwọn kan ní kí a máa po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì fún un, pé òun ló ń mú ẹ̀jẹ̀ wá kíákíá. N kò gbà. Nọ́ọ̀sì tí mo bi sọ fún mi pé ṣúgà ló pọ̀ nínú ìyẹn. Owó mọ́ọ̀tì mẹ́fà, ẹ̀dọ̀ ni mo fi rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sì tíì pé tí PCV rẹ̀ fi di 31.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí a wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, páìǹtì méjì. Èmi àti Tíṣà la lọ. Mo rò pé wọ́n kàn máa gún wa ni, àṣé àyẹ̀wò ló pọ̀ níwájú. Wọ́n wọ̀n wá, torí wọn kì í gbà lára ẹni tí kò bá tó kílò 50. Wọ́n wo ìfúnpá wa, wọ́n yẹ̀ wá wò fún HIV àti hepatitis. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ife kékeré kan tí omi inú rẹ̀ rí bí aró àdìrẹ tí wọ́n fi omi là. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ gún mi lórí ìka, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ̀kán kan já sínú omi náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki tó, yóò rì lọ sísàlẹ̀. Bí kò bá ki tó, yóò léfòó. Tèmi rì bí òkúta. Ti Tíṣà dúró lágbede méjì omi, kò lọ, kò bọ̀. A ò sọ̀rọ̀, a kàn ń wò ó. Wọ́n ní kí ó lọ tọ́jú ara rẹ̀ ná.

Omi lé sí Tíṣà lójú, ó rò pé òun ti já ọ̀rẹ́ òun kulẹ̀. Mo fi fóònù sí etí rẹ̀ kí ó fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kàn ń ronú ni, Tíṣà, ó fẹ́ ka ìbéèrè yé kó tó dáhùn." Ó wá yíjú sí èmi: "Ìwọ ńkọ́, bí mo bá jí lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń wọn ìbàdí nọ́ọ̀sì, kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ télọ̀ ló dé inú mi yẹn." Ọkọ Tíṣà ló wá lọ́jọ́ kejì tó fi páìǹtì kejì sílẹ̀.

Alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ mọ́ bí agogo 12 bá ti lù. Ìyá Ìbejì sọ oúnjẹ ìkẹyìn yẹn ní sààrì. Àmàlà láfún ló fẹ́, a kọ̀ fún un, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kékeré ni a gbé síwájú rẹ̀. Ó ní òun ti gbààwẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnikẹ́ni ò fi sààrì dù òun rí.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ẹbí ọkọ rẹ̀ kan wọlé tòun ti fíláàsì tíì, búrẹ́dì àti ẹyin díńdín. Màmá náà ní ẹni tó ń lọ ojú ogun kì í fi ebi lọ. Ìfẹ́ ló gbé e wá, ṣùgbọ́n ó lè ba ọjọ́ náà jẹ́, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn nígbà tí oògùn akunilóorun bá wọlé, ó lè gòkè wá, kí ó gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tíṣà kúnlẹ̀, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún Màmá bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, àmọ́ ojú Màmá ò túká. Ìyá Ìbejì ló parí ìjà: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn máa gbọ́ òórùn rẹ̀." Èmi àti Tíṣà jẹ búrẹ́dì náà tán níwájú Màmá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì yọ́.

Wọ́n gbé e wọ tíátà ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, èyí tó ń mú kí ara kú láti ikùn dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí ojú onítọ̀hún yóò là. Kò sí àwàdà ní àkókò yẹn. Mo gbé aṣọ tí mo ń kan bọ́tìnnì sí dání, mo kan márùn-ún, mo tú mẹ́ta. Tíṣà ń gbàdúrà láìyanu.

Nígbà tí Dókítà jáde, ó gbé abọ́ kan dání, ó ní kí a wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kókó méje. Èyí tó tóbi jù tó máńgòrò lóòótọ́. Wọ́n ti la ọ̀kan sí méjì, mo sì tẹ̀ síwájú láti rí i. Funfun ni, ó pọ́n díẹ̀ létí, ó le, inú rẹ̀ sì rí bí òwú tí wọ́n ká yípo yípo mọ́ ara wọn. Mo wò ó pẹ́. Èyí ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi láti ọdún yìí wá.

Ọjọ́ yẹn, a jẹ́ kí ó sùn. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń pariwo ìdùnnú lórí ẹni tí èébì ṣì ń gbé. A kàn ń fi aṣọ tútù nu ètè rẹ̀. Obìnrin kan wá kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹnì kan tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí tí kò bọ̀ níbẹ̀. Tíṣà dìde, ó gba báàgì rẹ̀ mú fún un, ó sì fi ọgbọ́n sìn ín dé ẹnu géètì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn ni ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan inú ikùn, ìfun máa ń sùn, dókítà tiwa sì ní a ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ títí ìfun yóò fi jí. Àmì pé ó ti jí ni pé kí ó só. Dókítà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ra lé e níkùn, ó bi í níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù: "Màdáámù, ṣé ẹ ti só?" Ìyá Ìbejì fi ìborùn bojú. Nígbà tí Dókítà kọjá sí bẹ́ẹ̀dì mìíràn, ó rọra sọ fún mi pé, "Oṣù ò tíì lé."

Ó tán. Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Ìyá àgbàlagbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń bi í ní wákàtí wákàtí bóyá ó ti rí nǹkan lójú ọ̀run. Tíṣà pè láti ilé-ìwé nígbà ìsinmi ránpẹ́, kò kí mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni: "Ṣé Súlútáànù ti kéde láti Sókótó?" Nọ́ọ̀sì ní kí a ra ṣíńgọ́ọ̀mù fún un, pé bí ẹnu bá ń jẹ, ìfun á rò pé oúnjẹ ń bọ̀, á dìde lọ múra sílẹ̀. Ó tún ní kí a máa rìn ín. A rìn lọ sí ojú fèrèsé, a rìn padà, mo di igi omi díríìpù mú, òun gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin la bọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́wàá alẹ́ lù, wọ́n ti dín iná kù, gbogbo èèyàn ti dákẹ́. Mo gbọ́ ìró kan, ó kúrú, ó mú, bí ìgbà tí mo bá fi ọwọ́ ya tẹ̀tẹ̀rọ́ọ̀nù tuntun. Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá àgbàlagbà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló gbé ohùn sókè nínú òkùnkùn: "Àlìhámúdù lílàhì! Oṣù ti lé o!" Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Ìbejì gbá ìrọ̀rí mọ́ra pẹ̀lú apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ fún mi pé kò dùn òun tó bí òun ṣe rò.

Ìṣínu rẹ̀ ni omi ṣíbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà tíì láìsí mílíìkì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ògì wọlé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ki. Gbogbo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn àlejò kó wá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wú ikùn. Nígbà tí oògùn ìrora mú kí ìgbẹ́ rẹ̀ le, ìbẹ́pẹ ló bá wa yanjú ẹ̀.

Wọ́n ṣí ojú ọgbẹ́ kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé. Mo tẹ̀ba wò ó bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ télọ̀ ẹgbẹ́ mi. Òwú rẹ̀ ò hàn síta rárá, inú awọ ni wọ́n rán an gbà, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ pa etí aṣọ olówó ńlá. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ náà mọ́. Ó ní, "Ṣé ó fi àlékún sílẹ̀, bí mo bá sanra?"

Ọjọ́ kejì tí a délé ni ó jẹ àmàlà láfún tó ti ń bèèrè láti ìgbà sààrì. Láfún tirẹ̀ ni mo fi rò ó, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìrọ̀rí lórí itan, ó ń wo ọwọ́ mi àti omorogùn. "Rò ó dáadáa," ni ó ń wí. "N kò fẹ́ kókó kan nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ lára mi ti tó."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Tíṣà wá gba ìrọ̀rí náà. Òkúta inú àpò òróòro ni tirẹ̀, wọ́n sì ní kí ó jìnnà sí ọ̀rá títí wọn yóò fi ṣe é. Mo bọ́ aṣọ ìrọ̀rí náà, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́. Ìyá Ìbejì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti àná, ó ń bèèrè bí a ṣe lè se gbẹ̀gìrì láìfi epo sí i tí yóò sì tún dùn.