Ẹ̀yìn Ríro Awakọ̀ Katakata: Ọ̀nà Wo Ni Mímì Náà Ń Gbà Wọlé?

Bí ẹ̀yìn bá ń ro awakọ̀ katakata, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ki fóòmù sórí àga. Fóòmù rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ a máa jó ní bí ìgbà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, irú mímì tí ara kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ọ̀nà tí mímì ń gbà.

Sókè-sódò

Èyí tó ń lọ ní ìgbà 4 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ni ara lára jù, torí inú àti ọ̀pá ẹ̀yìn a máa bá a jó. Iṣẹ́ àga onísípíríǹgì ni láti gbà á, bí ẹ bá ti yí i bá ìwọ̀n ara yín mu. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí pẹ́dà. Ẹ yí nọ́ọ̀bù títí àga fi dúró ní àárín ìrìn rẹ̀: èyí tó lè lọ sẹ̀ǹtímítà 10 gbọ́dọ̀ rì tó 5. Bó bá rọ̀ jù, yóò máa já gbàgà lu ìsàlẹ̀, ìyẹn sì burú ju àga líle lọ. Bó bá le jù, kò ní mì rárá, gbogbo rẹ̀ á wọ ara yín. Awakọ̀ kílò 60 tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni kílò 95 gbọ́dọ̀ tún un yí. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ń jo epo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Sọ́tùn-ún-sósì

Àga onísípíríǹgì kò rí ti èyí ṣe. Mímì tó rọra ń lọ, tí kò tó ìgbà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń yọ ara lẹ́nu jù níhìn-ín. Òkè ni awakọ̀ jókòó sí, nítorí náà kòtò kékeré lábẹ́ táyà kan a di fífì ńlá ní orí rẹ̀. Ẹ má gba orí ebè kọjá ní ìbú, ẹ bá poro lọ. Ẹ dín eré kù. Afẹ́fẹ́ táyà ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Géèjì ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kì í ṣe ojú.

Síwájú-sẹ́yìn

Tírélà ló sábà máa ń fà á. Bí irin ìso àti ihò rẹ̀ bá ti jẹ, tírélà á máa ti katakata, á sì tún máa fà á. Ẹ pààrọ̀ irin náà. Àwọn àga kan ní lífà tó ń tú wọn sílẹ̀ láti máa yọ́ síwá sẹ́yìn: ẹ tú u lójú ọ̀nà, ẹ tì í bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tó gba ẹsẹ̀ tó gún lórí pẹ́dà.

Wákàtí mélòó?

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2002 ní kí agbaniṣíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe bí mímì bá dé 0.5 m/s² (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí mímì ṣe le tó) fún wákàtí 8. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 1.15. Ọ̀nà tí mímì bá ti pọ̀ jù ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń sọ ti ẹ̀gbẹ́ àti ti síwájú-sẹ́yìn di ìlọ́po 1.4 kí wọ́n tó fi wéra. Ẹ kíyè sí èyí: bí mímì bá di ìlọ́po méjì, wákàtí kì í dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dín sí. Ní 1.0 m/s², wákàtí 2 péré ti tó láti dé ibi àtúnṣe.

Ẹni tó gun mọ́gáàdì kò ní sípíríǹgì kankan lábẹ́. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.